Èéfín Aláró Lẹ́yìn Ọkọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ èéfín ọkọ̀ rí. Bí ènìyàn bá dúró ní Ìkòtún ní òwúrọ̀, tí ó ń wo àwọn ọkọ̀ tí ń ti Ìgándò àti Ìdímù bọ̀, yóò rí i pé èéfín wọn kò rí bákan náà. Òmíràn a máa rú èéfín tí ó dúdú bí èédú. Òmíràn a máa rú èyí tí ó funfun bí òwú. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ a máa rú èyí tí ó dà bí aró tí a bu omi là. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ohun tí ó ń sọ. Èyí tí ó jọ aró ni a ó gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, pàápàá lára ọkọ̀ tí ó ti gbó tí ó sì ní ẹ̀rọ tí a ń pè ní tọ́bò.

Èéfín dúdú ń sọ fún wa pé epo tí ó wọ inú ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tí yóò jó o lọ. Èéfín funfun tí kò tán bọ̀rọ̀ sábà máa ń fi hàn pé omi rédíétọ̀ ti rí ọ̀nà wọ ibi tí iná wà. Ṣùgbọ́n èéfín aláró ń sọ pé ọ́ìlì ni ó ń jó. A kò bu ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè jó. A bu ú síbẹ̀ kí irin má baà máa ha irin ni. Nítorí náà, bí a bá rí èéfín yìí, kí a mọ̀ pé olè kan wà nínú ilé tí ń gbé ọ́ìlì lọ fún iná. Iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ tún ọkọ̀ náà ṣe ni pé kí ó wá olè náà rí, kí ó má sì mú aláìṣẹ̀ dípò rẹ̀.

Ilẹ̀kùn méjì ni olè yìí sábà máa ń gbà wọlé. Èkíní ni ríǹgì, èyí tí ó yí písítìn ká. Èkejì ni síìlì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn gba ara fáàfù sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ní tọ́bò ní ilẹ̀kùn kẹta. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Swítsàlandì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní ọdún 1905. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó wà lórí ọ̀pá irin kan ṣoṣo. Èéfín tí ń jáde lọ ni ó ń yí ọ̀kan. Bí ìyẹn bá sì ti ń yí, èkejì a máa fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ́ńjìnnì kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan kì í sábà yí tó ìgbà 1,000. Orí ọ́ìlì ni ọ̀pá yìí ń léfòó sí. Bí ibùjókòó rẹ̀ bá ti jẹ, ọ́ìlì náà yóò yọ́ wọ inú afẹ́fẹ́ tàbí inú èéfín, yóò sì jó.

Aládùúgbò mi kan ní Ẹgbẹ́dá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tókúnbọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín aláró. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ọ̀gá, ríǹgì ti jẹ. Ẹ́ńjìnnì yìí di títú palẹ̀." Wọ́n tú u, wọ́n ra ríǹgì tuntun, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì bá a lọ. Nígbà tí wọ́n tò ó padà tán, èéfín náà kò dín rárá. Ó wá gbé ọkọ̀ náà tọ bàbá arúgbó kan tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìgándò lọ. Bàbá náà kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn béèrè pé, "Ọ̀gá mi, ìgbà wo gan-an ni ó máa ń rú u?" Aládùúgbò mi dáhùn pé, "Bàbá, bí mo bá ti pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, tí ọ̀nà wá là, tí mo sì sáré." Bàbá náà yọ ọ̀pá róbà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí síta. Ìdọ̀tí ọ́ìlì ti dí i pa. Nítorí pé èémí kò rí ọ̀nà jáde, ọ́ìlì tọ́bò kò lè sọ̀ kalẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì mọ́, ó sì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n fọ róbà náà, èéfín sì tán.

Ìbéèrè bàbá yìí ni ẹ̀kọ́ wa, nítorí ìgbà tí èéfín bá yọ ni ó ń tọ́ka sí ibi tí olè wà. Bí ó bá rú ní òwúrọ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sí ọkọ̀, tí ó sì tán láìpẹ́, a fura sí síìlì fáàfù, nítorí pé ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ láti òru. Bí ó bá ń rú nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá ń fi agbára ṣiṣẹ́, tí agbára ọkọ̀ sì ń dín kù, a fura sí ríǹgì. Bí ó bá rú lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, tàbí ní kété tí tọ́bò bá bẹ̀rẹ̀ sí hu, a kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà tọ́bò wò.

Láti orí ohun tí kò ná wa lówó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn ọ́ìlì, nítorí bí ó bá kún jù, òun náà a máa jó. Ẹ wo róbà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ẹ yọ róbà tí ó gbé afẹ́fẹ́ kúrò lára tọ́bò: bí ọ́ìlì bá kàn ta sí i lára, kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá dá dúró bí adágún, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti kú tí ó sì ti tutù, ẹ fi ìka mi ọ̀pá tọ́bò: bí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá ń ha ilé rẹ̀, ó ti jẹ. Bí gbogbo èyí bá dára, kí a wá wọn agbára písítìn, kí a tó sọ̀rọ̀ títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú èéfín yìí. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń tajà létí títì jẹ́. Ọkọ̀ tí ń jẹ ọ́ìlì láìbù kún un yóò kú lójijì. Bí ó bá sì jẹ́ ọkọ̀ oní-dísẹ̀lì, tí tọ́bò rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi, ẹ́ńjìnnì lè máa fi ọ́ìlì ara rẹ̀ sáré títí yóò fi fọ́, bí a tilẹ̀ pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ààbò tọ́bò kò le: kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lákòókò, kí a sì jẹ́ kí ọkọ̀ tí ó sáré dé sinmi ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan kí a tó pa á, kí ọ́ìlì má baà jó gbẹ mọ́ ọ̀pá gbígbóná.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni èyí. Ẹni tí ó bá béèrè kí ó tó dájọ́ kì í ṣìnà púpọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.