Àńtíbọ́dì Tó Ń Bá Ara Jà: Ọ̀nà Tó Ń Gbà Yọ́ Kọjá

Nínú mùdùnmúdùn egungun ẹni tí ara rẹ̀ le koko, èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì B tí kò tíì gbó ló ń ṣe àńtíbọ́dì tó lè gbá ara onítọ̀hún fúnra rẹ̀ mú. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hedda Wardemann àti Michel Nussenzweig pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé e jáde lọ́dún 2003: ìdá 55 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó yẹ ká béèrè, nígbà náà, ni ohun tó ń dá wọn dúró, torí bí wọ́n bá ráyè, àìsàn bíi lupus, níbi tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà, lè tẹ̀lé e.

Ká tó dáhùn, ẹ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ló ń para pọ̀ di àńtíbọ́dì kan: méjì wúwo, méjì fúyẹ́. Èyí tó wúwo ni sẹ́ẹ̀lì ń kọ́kọ́ ṣe. Èyí tó fúyẹ́ pín sí kappa àti lambda.

Bí àńtíbọ́dì tuntun bá gbá nǹkan ara mú, sẹ́ẹ̀lì náà kì í sábà kú lójú ẹsẹ̀. Á padà sídìí DNA rẹ̀, á gé e, á tún un so, á fi ẹ̀wọ̀n fúyẹ́ mìíràn rọ́pò ti àkọ́kọ́. Bí kappa bá tán, á kọjá sí lambda. Ikọ̀ David Nemazee àti ti Martin Weigert ló fi èyí hàn lára eku lọ́dún 1993, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n inú ara tó wuni tó èyí ò pọ̀.

Ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Irú àńtíbọ́dì kan ṣoṣo ló yẹ kí sẹ́ẹ̀lì kan máa ṣe, àmọ́ àwọn kan ṣe ẹ̀wọ̀n tuntun tán, wọn ò jáwọ́ nínú ti àtijọ́. Èyí tó dára á bo èyí tí kò dára, bíi tòmátì tó ti rà tí wọ́n fi èyí tó le bò lójú apẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kọjá. Lára eku tó ní àìsàn tó jọ lupus, irú wọn pọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ti ń tú àńtíbọ́dì jáde.

Lára èèyàn, obìnrin ni nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá alárùn lupus, ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ. Ní Erlangen, ní Jámánì, ikọ̀ Georg Schett lo sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n tún ṣe láti pa sẹ́ẹ̀lì B aláìsàn márùn-ún run; lọ́dún 2022 wọ́n ròyìn pé àìsàn náà rọlẹ̀ lára gbogbo wọn láìlo oògùn lupus mọ́.

Ìtọ́jú yẹn ṣì jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa, àyẹ̀wò ò jìnnà. Ẹ̀yin tí oríkèé ń ro, tó ń rẹ̀ yín ṣáá, tí nǹkan sì sú sí yín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ẹ bi dókítà nípa àyẹ̀wò ANA, èyí tó ń wá àńtíbọ́dì tó ń bá ara jà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé kíndìnrín.