Ọ̀mì kì í ṣe àbùkù

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan ládùúgbò wa bi ọmọ rẹ̀ tó ti ibi ìdíje chess dé pé, "Ṣé o nà wọ́n ni àbí wọ́n nà ọ́?" Ọmọ ní, "Ọ̀mì la ta, sà." Bàbá pòṣé, ó ní ọmọ náà kàn fi ọjọ́ ṣòfò ni.

Ẹ jẹ́ ká gba ọmọ yìí sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1989, ní ìlú Belgrade, Ivan Nikolić àti Goran Arsović kojú ara wọn nínú ìdíje. Arsović tó mú dúdú lo ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní King's Indian: ó jẹ́ kí onífunfun kó ọmọ ogun gba àárín pátákó, òun fi ọba tirẹ̀ pamọ́ sí igun, ó ń wá ìgbà tí yóò kọlu àárín náà. Wọ́n ta á fún ohun tó lé ní 20 wákàtí, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ìgbésẹ̀ 269. Ta ló borí? Kò sẹ́ni kankan. Ọ̀mì ni! Síbẹ̀, eré yẹn ṣì wà lákọsílẹ̀ títí dòní gẹ́gẹ́ bí èyí tó gùn jù nínú ìdíje.

Kí ló wá yani lẹ́nu níbẹ̀ fún àwa tó ní ayò? Ọmọ ayò 48 ló ń bẹ nínú ọpọ́n. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ 24, ọ̀mì dé. Kódà, bí ilé ẹni tí à ń bá ta bá ṣófo, a gbọ́dọ̀ fún un lọ́mọ kó lè rí ta, bí a bá rí i ṣe. Àwọn baba wa mọ̀ pé eré dùn ju kí a pa ẹnìkejì run lọ. Àwa tí wàhálà ọdún 2000 ṣojú wa ní Kàdúná náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìjà ló yẹ kó ní ẹni tó ṣubú.

Nínú chess, ọ̀mì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdajì àmì, ìdajì yẹn sì lè gbé èèyàn ṣíwájú nígbẹ̀yìn ìdíje. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tá ti fẹ́ẹ̀ tẹ̀, tó fi ọgbọ́n ta ọ̀mì, èrè ló jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, bí ọmọ bá délé, ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe bẹ̀rẹ̀? Níbo ló ti le jù?" Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọpọ́n ayò jáde, kí ẹ kọ́ ọ ní tiwa náà.