Ta ni kò wá lónìí? Iṣẹ́ ojúmọ́ ní ilé ìtọ́jú àrùn ọpọlọ

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, owó àgbàdo la sọ; lónìí, ọ̀rọ̀ ìlera ló kàn. Ìyá kan bi wá pé, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú? Ó ní àbí wọ́n kàn ń gún wọn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n lè sùn ni? Rárá o, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ mọ Avrankou, lẹ́bàá Porto-Novo níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Saint-Camille ní ilé ìtọ́jú kan níbẹ̀. Grégoire Ahongbonon ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ọmọ Benin tí wọ́n bí ní 1952, tó ń lẹ táyà nígbà kan rí ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Kì í ṣe dókítà. Ó rí àwọn tí ará ilé wọn fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀. Ìtàn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan la fi ń tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀; ìtọ́jú tó tẹ̀ lé e, ọdún gbọọrọ ni.

Mo kọ́ iṣẹ́ tíṣà kí n tó dé ìdí rédíò. Wọ́n kọ́ wa pé ká máa pe orúkọ láràárọ̀, nítorí ọmọ tí kò wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé ìtọ́jú. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀: orúkọ, abúlé, ẹni tó mú un wá, oògùn tó ń lò, ọjọ́ tí yóò padà wá. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó wà nídìí ìwé á wo àwọn tí ọjọ́ wọn pé tí wọn ò yọjú. Ó yẹ kó pè wọ́n lórí fóònù, tàbí kó rán ẹnì kan lọ. Àìsàn yìí sábà máa ń fi àmì hàn kó tó padà: ẹni náà ò sùn mọ́, kò jẹun dáadáa, inú ń bí i sí gbogbo èèyàn. Bí a bá tètè bá a níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì rọrùn.

Ọjọ́ ìpadàbọ̀ pàápàá gba ọgbọ́n. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, àwọn kan á wá torí ọkọ̀ wà. Àwọn mìíràn ò ní wá, torí ìyá tó yẹ kó mú wọn wá ń ta gàrí. Ẹ sọ ọjọ́ tó rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ má tijú.

Ó ku oògùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀ (ẹ má bínú, tíṣà ni mí). Èèyàn 40, hóró 2 lójúmọ́, ọjọ́ 30: hóró 2.400 nìyẹn lóṣù. Bí wọ́n bá dúró títí ó fi ku 500 kí wọ́n tó ránṣẹ́, yóò tán kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa ka oògùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì ránṣẹ́ nígbà tí ti oṣù kan ṣì wà nílẹ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa tètè kọjá ni kó kọ́kọ́ jáde. Kí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àbúrò bàbá mi kan gbádùn, ó padà sóko, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ fún un níbi tó ti ń gba oògùn pé ó ti tán, kó padà wá. Owó zémidjan àlọ, owó zémidjan àbọ̀. Nígbà kẹta, kò lọ mọ́. Kò sẹ́ni tó pè é, àwa ará ilé náà ò béèrè. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìhòhò la bá a lójú títì. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò kàn sí ẹni tó ń wo ìwé ni.

Ní Saint-Camille, ọ̀pọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ ló ti jẹ́ aláìsàn rí. Wọ́n mọ bó ṣe máa ń wuni láti ju oògùn nù nígbà tí ara bá ti yá. Ní Aro, l'Abẹ́òkúta, láti 1954 ni Dókítà Lambo ti ní kí ìbátan kan bá aláìsàn gbé ní abúlé tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn, kí ará ilé lè wà nínú ìtọ́jú.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń mú èèyàn yín lọ, ẹ mú páálí oògùn àtijọ́ dání. Bí ọrùn rẹ̀ bá ń le, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún wọn, wọ́n lè yí oògùn padà. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé: bí a ò bá wá lọ́jọ́ tí ẹ dá, ta ni yóò pè wá? Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà méjì, ti ará ilé kan àti ti aládùúgbò kan.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ pè wá lẹ́yìn ìròyìn ọjà. Iye owó tòmátì àti ata ló kàn báyìí.