Ohun tí Ẹṣin Ń Jẹ: Yíyan àti Pípèsè Koríko fún Ẹṣin ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó lè sọ ohun tí ẹṣin ń jẹ àti ìdí tí ó fi ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹṣin kò tíì di ohun ìtàn lásán. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin jáde ní ọjọ́ Ojúde Ọba, tí í ṣe ọjọ́ kẹta Ọdún Iléyá. Ní Ìlọrin pẹ̀lú, ẹṣin ni àwọn ìjòyè ń gùn ní ọjọ́ ọdún. Lẹ́yìn tí ìlù bá dákẹ́ tí àwọn èrò bá sì ti túká, ẹnì kan ní láti fún àwọn ẹṣin wọ̀nyí ní oúnjẹ, kì í ṣe ní ọjọ́ kan, bí kò ṣe ní ojoojúmọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹṣin rẹ̀ lè rò pé àpọ́nlé ni kí òun bu ọkà bàbà tàbí àgbàdo rẹpẹtẹ síwájú rẹ̀. Àpọ́nlé yìí lè pa ẹṣin kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé koríko ni oúnjẹ ẹṣin. Ohun gbogbo yòókù, àfikún ni. Ẹni tí ó bá sọ àfikún di oúnjẹ, àìsàn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè.

Ọ̀yọ́ Ilé, Ẹṣin àti Ilẹ̀ Ọ̀dàn

Ìtàn jẹ́rìí sí i pé ibi tí koríko bá wà ni ẹṣin ń gbé. Agbára ogun Ọ̀yọ́ Ilé nígbà ayé rẹ̀ dúró púpọ̀ lórí àwọn ọmọ ogun tí ń gun ẹṣin. Láti ìhà àríwá ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà, gẹ́gẹ́ bí Robin Law ti ṣàlàyé nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1980 lórí ìtàn ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oyè Olókùn-ẹṣin ní ààfin Aláàfin jẹ́ ẹ̀rí bí ẹṣin ti níyì tó láwùjọ. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà: koríko pọ̀ níbẹ̀, igi kò dí, eṣinṣin tsetse tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó sì ń kó àrùn ràn án kò sì pọ̀ tó ti inú igbó kìjikìji.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, tí àwọn ènìyàn sì ṣí wá sí ìhà gúúsù, ìlò ẹṣin lójú ogun dínkù. Nínú igbó, koríko kì í rí oòrùn hù lábẹ́ igi, eṣinṣin náà sì wà níbẹ̀ tí ń dúró de ẹran. Ẹni tí ó bá ń sin ẹṣin ní agbègbè igbó lónìí kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹṣin bá rí já lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní láti mọ koríko yàn, kí ó sì mọ̀ ọ́n pèsè.

Bí Inú Ẹṣin ti Rí

Kí a tó lè mọ oúnjẹ yàn fún ẹṣin, ó yẹ kí a mọ bí inú rẹ̀ ti rí. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ní ṣàkì, wọ́n sì máa ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹṣin kò ní ṣàkì, kì í sì í jẹ àpọ̀jẹ. Ikùn rẹ̀ kéré ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Ohun tí ó lè gbà kò ju nǹkan bí i lítà 8 sí 15 lọ. Inú ìfun ńlá, lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti kọjá ikùn àti ìfun kékeré, ni àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò lè rí ti ń sọ koríko di agbára fún un.

Ohun mẹ́rin ni ó tẹ̀lé èyí. Èkíní, díẹ̀díẹ̀ ni ẹṣin ń jẹun, ó sì lè lo wákàtí 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ nídìí koríko bí a bá fi í sílẹ̀. Èkejì, nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ń rún oúnjẹ nìkan ni itọ́ ń sun dáadáa, bẹ́ẹ̀ oje kíkan inú ikùn rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Ẹṣin tí a so mọ́lẹ̀ láìní koríko níwájú lè ní egbò inú. Ẹ̀kẹta, ẹṣin kì í bì. Ohun tí ó bá ti gbé mì, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà dá a padà. Ẹ̀kẹrin, bí ọkà bá pọ̀ jù, ìfun kékeré kò ní lè rí i dà tán. Yóò ya wọ inú ìfun ńlá, yóò kan níbẹ̀, yóò sì pa àwọn ẹ̀dá tíntìntín náà. Inú rírun tí ń pa ẹṣin ń ti ibẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni àrùn inú pátákò tí kì í jẹ́ kí ẹṣin lè dìde rìn.

Yíyan Koríko

Koríko tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ, tí ewé rẹ̀ pọ̀ ju igi rẹ̀ lọ, ni ó dára jù. Gbégi àti àwọn koríko kéékèèké mìíràn tí ń tàn mọ́lẹ̀ dára fún ẹṣin láti jẹ ní pápá. Eèsún náà wúlò, ṣùgbọ́n kí a gé e nígbà tí ó bá ṣì rọ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí a ti gé e kẹ́yìn. Bí ó bá ti ga ju ènìyàn lọ tí igi rẹ̀ sì ti le, ó ti di ohun tí ń kún inú lásán. Bákan náà ni bẹẹrẹ tí ó ti gbó: ó dára láti fi bo ilé, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ ẹṣin. Èkan ní tirẹ̀ máa ń mú bí abẹ́ bí ó bá ti gbó, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ojú, imú àti ọwọ́ ni a fi ń yan koríko gbígbẹ. Kí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jọ ewé, kí òórùn rẹ̀ dùn, kí ó má ṣe gún ni lọ́wọ́. Bí eruku bá ń sọ nínú rẹ̀ nígbà tí a bá gbọ̀n ọ́n, tàbí tí ó ń rùn bí ohun tí ó ti bu, kí a má fi fún ẹṣin. Ìbu inú koríko máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Ewé Ẹ̀pà àti Eèrí

Àléébù kan wà lára ọ̀pọ̀ koríko ilẹ̀ olóoru tí ojú kò lè rí. Eèsún àti Panicum, koríko gíga tí ó wọ́pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà àti nínú oko àpatì, ní èròjà kan tí a ń pè ní ọ́kísálétì. Èròjà yìí a máa so mọ́ kálísíọ̀mù, tí í ṣe èròjà tí ń mú egungun le, kò sì ní jẹ́ kí ara ẹṣin rí i lò. Bí èyí bá pẹ́, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kálísíọ̀mù láti inú egungun ẹṣin fúnra rẹ̀. Egungun ojú rẹ̀ yóò wú, yóò máa tiro, eyín rẹ̀ sì lè mì.

Eèrí tún ń dá kún ìṣòro yìí. Nínú eèrí àlìkámà àti ti ìrẹsì, èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ ju kálísíọ̀mù lọ ní ìlọ́po lọ́nà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó bá pọ̀ jù kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù ṣiṣẹ́. Ẹṣin tí ń jẹ eèsún lásán, tí a sì tún ń bu eèrí fún lójoojúmọ́, ń pàdánù egungun rẹ̀ ní ọ̀nà méjì.

Àtúnṣe rẹ̀ kò jìnnà. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ, tí àwọn Háúsá ń pè ní harawa, ní kálísíọ̀mù ju koríko lọ. Bí a bá fi wọ́n kún koríko, èkíní yóò dí àlàfo tí èkejì fi sílẹ̀. Àwọn tí ń sin ẹṣin ní ìhà àríwá ti ń fi ewé wọ̀nyí bọ́ ẹran wọn tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ewé ẹ̀pà tí òjò ti pa tí ó sì ti bu, májèlé ni.

Àwọn Ohun tí kò Yẹ Ẹṣin

Kì í ṣe ohun gbogbo tí ewúrẹ́ ń jẹ ni ẹṣin lè jẹ. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí gbíngbin igi Leucaena àti àgùnmániyè láàárín oko, wọ́n sì rí i pé ewé wọn wúlò fún àgùntàn àti ewúrẹ́. Ewé Leucaena ní èròjà tí ń mú kí irun gọ̀gọ̀ àti irun ìrù ẹṣin re. Àgùnmániyè pẹ̀lú kò bá ẹṣin lára mu.

Pòròpórò ọkà bàbà tútù, pàápàá èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù tàbí tí ọ̀dá ti mú kí ó rọ, ní májèlé nínú. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù náà ní irú májèlé yìí. Àgbàdo tí ó ti bu lè ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́. Oúnjẹ adìyẹ tí a ń rà ní àpò-àpò léwu ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, nítorí pé oògùn tí a pò mọ́ àwọn mìíràn nínú wọn láti dènà àrùn adìyẹ, bí i monensin, a máa pa ẹṣin kódà bí ó bá kéré. Koríko tútù tí a gé tí a sì kó jọ pelemọ títí ó fi ń gbóná kò yẹ kí ó dé iwájú ẹṣin rárá.

Pípèsè Sílẹ̀ De Ẹ̀ẹ̀rùn

Ìgbà ara là ń búra. A kì í bú Ṣàngó ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìpèsè koríko: ìgbà òjò ni a ti ń pèsè fún ẹ̀ẹ̀rùn. Ìṣòro tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé nígbà tí koríko dára jù, òjò kì í jẹ́ kí ó gbẹ. Nígbà tí oòrùn bá sì fi wá dé, koríko ti gbó. Ọgbọ́n tí a lè dá ni kí a gé koríko náà ní ìparí oṣù Ògún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, kí èyí tí ó bá sọ lẹ́yìn náà lè ṣì rọ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ ní òwúrọ̀ ni kí a gé e. Kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a máa yí i padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí a sì kó o jọ ní ìrọ̀lẹ́ kí ìrì má ba à sẹ̀ sí i. Bí a bá lọ́ ọ lọ́wọ́ tí ó ń dún tí omi kò sì jáde ní ojú igi rẹ̀, ó ti tó kó pamọ́. Kí a kó o sórí pẹpẹ lábẹ́ òrùlé, kí ó má fara kan ilẹ̀.

Ìwọ̀n Oúnjẹ àti Omi

Ẹṣin tí ó wọn kìlógíráàmù 300 nílò nǹkan bí i kìlógíráàmù 6 sí 7 koríko gbígbẹ lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ koríko tútù ni, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà yóò tó nǹkan bí i kìlógíráàmù 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí èyí tí ó pọ̀ jù jẹ́ ti alẹ́. Bí ẹṣin bá ń ṣiṣẹ́ tí a sì fẹ́ fi ọkà kún un, kí ó má ju kìlógíráàmù 1 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí koríko sì ṣáájú rẹ̀. Kí omi mímọ́ wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ní àkókò ooru, ó lè mu lítà 20 sí 40 lójúmọ́. Iyọ̀ pẹ̀lú ṣe pàtàkì, nítorí ẹṣin máa ń làágùn púpọ̀.

A kì í pa oúnjẹ ẹṣin dà lójijì. Ọjọ́ 7 sí 10 ni kí a fi máa dín ti àtijọ́ kù tí a ó sì máa fi tuntun kún un, kí àwọn ẹ̀dá inú ìfun rẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹṣin tí a kó wá láti ìhà àríwá fún ọdún. Kí a kó díẹ̀ nínú oúnjẹ tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀ tẹ̀lé e wá.

Ìkádìí

Ó ti hàn nínú àlàyé yìí pé koríko rírọ̀ tí a gé ní àsìkò, tí a sì fi ewé ẹ̀pà tàbí ewé ẹ̀wà gbígbẹ kún, ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ ẹṣin. Ọkà àti eèrí kò gbọdọ̀ gba ipò rẹ̀. Ohun tí ẹṣin nílò kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àkíyèsí àti ìmúrasílẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní òwe àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ẹṣin lè fi gbégi, eèsún, eèrí, ìyàngbò àti pòròpórò kún ìjánu àti gàárì tí ó ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀, kí ó sì kó àwọn wọ̀nyí wá sí kíláàsì kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Ìjánu lè darí ẹṣin, gàárì sì lè bu ẹwà kún un, ṣùgbọ́n koríko ni ó ń gbé e dúró.