Orúkọ Ìdílé O'Brien

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni 'O' tí ó ṣáájú orúkọ àwọn ará Ireland. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní èdè wọn, Ó Briain ni O'Brien. Ìtumọ̀ 'Ó' sì ni ọmọ ọmọ tàbí àtọmọdọ́mọ. Brian Boru, ọba tí ó kú ní ogun Clontarf ní 1014, ni ìdílé yìí ń tọ́ka sí.

Orúkọ náà tún jẹ́ oyè fún olórí ìdílé. Ní 1543, Murrough O'Brien fi ìjọba Thomond lé Henry VIII, ọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́; ó gbà láti kọ oyè O'Brien sílẹ̀, wọ́n sì fi í jẹ Earl of Thomond. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìdílé gé 'O' kúrò lára orúkọ wọn. Nígbà tí ìfẹ́ èdè àti àṣà Ireland sọjí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ dá a padà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èmi náà ti gé orúkọ ìdílé mi kúrú rí, kí ó lè rọ àwọn àlejò lọ́rùn láti pè. Láti ìsinsìnyí lọ, odindi rẹ̀ ni n ó máa kọ.