Kọfí, Obì, àti Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá gba Takie kọjá ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, yóò rí àwọn awakọ̀, àwọn oníṣòwò àti àwọn tí ń lọ sí oko, tí wọ́n jókòó ti ife omi gbígbóná àti búrẹ́dì kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tí ó wù kí ó wà nínú ife náà, orúkọ kan ṣoṣo ni a ń pè é, èyíinì ni tíì. Lipton ni o, Milo ni o, Bournvita ni o, kọfí ni o, tíì ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, àṣà yìí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣi ọ̀ràn kan rò, pàápàá jùlọ àwọn tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn kan nínú wọn ń sá fún kọfí bí ẹni pé oyin ni. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ ń mu ún bí ẹni mu àgbo, nítorí pé ó korò, wọ́n sì gbà pé ohun kíkorò ní í pa ohun dídùn. Apá méjèèjì ni ó ṣìnà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ṣúgà ti ń rìn nínú ara. Kì í ṣe ohun tí ó dùn lẹ́nu nìkan ni ó ń di ṣúgà. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ àti búrẹ́dì, gbogbo wọn ni ara ń sọ di ṣúgà, tí ó sì ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù a sì máa pèsè ínsúlínì, èyí tí ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, níbi tí yóò ti di agbára fún iṣẹ́. Bí ínsúlínì kò bá tó, tàbí bí ara kò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi máa bá ìtọ̀ jáde. Bí èyí bá pẹ́, a máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́. Kí Banting àti Best tó rí ínsúlínì yọ ní ìlú Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọdún 1921, ọmọdé tí àrùn yìí bá mú kì í pẹ́ láyé.

Nísinsìnyí, kí ni ti kọfí? Èso igi ni kọfí. A ń gbìn ín ní ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú, ní agbègbè Kàbbà àti lórí òkè Mambilla. Bí a bá yan kóró rẹ̀, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fi omi gbígbóná pò ó láìfi ohun mìíràn sí i, ṣúgà tí ń bẹ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ tí ń lé oorun lọ ni a ń pè ní káfíìnì. Ọ̀gbẹ́ni Runge, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú kọfí ní ọdún 1819. Ohun kan náà yìí ni ó wà nínú ewé tíì, òun náà ni ó sì wà nínú obì, ìbáà ṣe gbànja, ìbáà ṣe àbàtà. Nítorí náà, àgbàlagbà tí ó ń fọ́nnu pé òun kò fi kọfí kan ẹnu rí, ṣùgbọ́n tí obì kì í tán ní àpò rẹ̀, ti mọ káfíìnì tipẹ́tipẹ́.

Káfíìnì a máa ta ara jí bí ìgbà tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn. Ọkàn a máa lù kìkì, ẹ̀dọ̀ a sì tú díẹ̀ nínú ṣúgà tí ó tọ́jú pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní àkókò náà, ara kì í gbọ́ ti ínsúlínì dáadáa. Ní ọdún 2002, àwọn oníwádìí ní ilẹ̀ Họ́láńdì fún àwọn ènìyàn 12 tí ara wọn dá ní káfíìnì, wọ́n sì rí i pé ìgbọràn ara wọn sí ínsúlínì dínkù ní ìwọ̀n 15 nínú 100. Ní ọdún 2008, ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, a ṣọ́ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ 10 tí ó máa ń mu kọfí lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n gba káfíìnì tí ó tó ti ife kọfí mẹ́rin, ṣúgà wọn ní ọ̀sán fi 8 nínú 100 ga ju ti ọjọ́ tí wọn kò gbà á lọ. Iye àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò pọ̀, ṣùgbọ́n alátọ̀gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ kò fẹ́ wálẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú fo èyí.

Ohun tí ó wá ya àwọn amòye lẹ́nu ni pé apá kejì ọ̀rọ̀ náà kò bá ti ìṣáájú mu. Ní ọdún 2002 kan náà, ní Họ́láńdì kan náà, a ka iye kọfí tí àwọn ènìyàn 17,111 ń mu, a sì ṣọ́ wọn fún ọdún púpọ̀. Àwọn tí ń mu ife méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ ní àtọ̀gbẹ ní ìwọ̀n nǹkan bí ìdajì ti àwọn tí ń mu ife méjì tàbí kí ó dín. Ní ọdún 2014, a kó ìwádìí 28 jọ, tí iye ènìyàn inú wọn ju 1,000,000 lọ. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ forí sọ. Àní kọfí tí a ti yọ káfíìnì kúrò nínú rẹ̀ pàápàá fi irú èso bẹ́ẹ̀ hàn. Èyí ni ó mú kí a rò pé àwọn èròjà mìíràn wà nínú kóró kọfí tí ń ran ara lọ́wọ́ nígbà pípẹ́, àti pé ara ẹni tí ń mu ún lójoojúmọ́ a máa mọ́ káfíìnì lára. Síbẹ̀, kíkà ni a kà wọ́n, a kò fi kọfí wò wọ́n sàn. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí ń mu kọfí púpọ̀ yàtọ̀ sí àwọn ìyókù ní ọ̀nà mìíràn. Kò sí dókítà tí yóò tìtorí èyí kọ kọfí sínú ìwé oògùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ife tí a rí ní Takie, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀ràn náà gbé wà gan-an. Ṣúgà oníhóró kan tó nǹkan bí gíráàmù mẹ́rin. Ẹni tí ó sọ hóró márùn-ún sínú kọfí rẹ̀ ti mu 20 gíráàmù kí ó tó da mílíìkì inú agolo lé e, òmíràn sì wà nínú mílíìkì wọ̀nyí tí a ti fi ṣúgà sí láti ibi tí a ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣúgà ti wà nínú Milo àti Bournvita kí a tó ṣí ìdérí wọn. Kọfí inú ọ̀rá pélébé tí a ti po wàrà àti ṣúgà mọ́ ńkọ́? Ṣúgà inú rẹ̀ a máa pọ̀ ju kọfí lọ. Fi búrẹ́dì ńlá kan tì í, kí o sì wò ó bóyá káfíìnì ni ó yẹ kí a dá lẹ́bi.

Ní ti àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé kíkorò, orí ahọ́n ni kíkorò wà. Bí ẹ̀bà bá ti di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ìkorò kọfí kò ní ọ̀nà tí yóò fi bá a níbẹ̀ kí ó fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹni tí ó pa oògùn dókítà tì nítorí kọfí kíkorò ń ṣe ara rẹ̀ léṣe láìmọ̀.

Ewu kan tún wà. Ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tí ń lo irú oògùn bíi glibenclamide, tí kò sì jẹun ní àsìkò, ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Yóò làágùn, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, àyà rẹ̀ yóò sì máa lù. Kọfí àmujù pẹ̀lú a máa mú ọwọ́ gbọ̀n, a sì máa mú àyà lù. Nípa bẹ́ẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí oko kí ó máa wí pé kọfí òwúrọ̀ ni, títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣú. Bí kò bá ní ẹ̀rọ tí yóò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ó tètè po hóró ṣúgà mẹ́rin mọ́ omi kí ó mu ún, kí ó tún mu òmíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 bí ara kò bá tíì rọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí ó jẹun. Kọfí tí kò ní ṣúgà kò lè gbà á sílẹ̀ ní wákàtí yìí. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Ilé ìwòsàn kò jìnnà sí ará Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ ìwòsàn tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ fún ìjọ Onítẹ̀bọmi níbẹ̀ ní ọdún 1907 ni a sọ di Bowen University Teaching Hospital ní ọdún 2009. Ẹni tí ó bá ń lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní òwúrọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ tàbí mu ohunkóhun bí kò ṣe omi fún wákàtí mẹ́jọ, ó kéré tán. Bí iye náà kò bá tó 100 mílígíráàmù nínú désílítà kan, ó dára; bí ó bá tó 126, tí a tún un yẹ̀ wò tí ó sì tún tó bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ọ̀pọ̀ ni kì í jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mu kọfí láìfi ṣúgà sí i kí wọ́n tó jáde nílé, tàbí tí wọ́n ń jẹ obì bọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí pé lójú tiwọn obì kì í ṣe oúnjẹ. Kí ẹni tí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó na ìka rẹ̀ fún abẹ́rẹ́, kí a lè dá ọjọ́ mìíràn fún un.