Bí Iṣẹ́ Ṣe Ń Lọ Létòlétò Nínú Òwò

Owó nìkan kọ́ ló ń gbé òwò dúró. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ìṣàkóso iṣẹ́: bí ohun èlò ṣe ń wọlé, bí a ṣe ń sọ ọ́ di ọjà, àti bí ọjà ṣe ń dé ọwọ́ oníbàárà lásìkò.

Ẹ wo Kaduna Textiles Limited, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 nílùú wa níhìn-ín. Nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan á ran òwú, òmíràn á hun ún di aṣọ. Bí ẹ̀rọ ìrànwú bá dúró, àwọn ahunṣọ á jókòó lásán, owó oṣù wọn sì ń lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń kó òwú díẹ̀ pamọ́. Tó bá pọ̀ jù ńkọ́? Owó tí a sé mọ́lé ni, èmi ò kà á sí ọrọ̀.

KTL kógbá wọlé ní 2002. UNTL náà ti ilẹ̀kùn ní 2007, kó tó tún ṣí ní 2010. Aṣọ òkèèrè olówó pọ́ọ́kú dá kún un, ṣùgbọ́n iná mànàmáná àti epo dúdú tó wọ́n gógó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì láàárín wa, àpò ìyẹ̀fun mélòó lò ń lò lọ́sẹ̀? Bí NEPA bá mú iná lọ, ọjọ́ mélòó ni dísẹ̀lì rẹ lè gbé? Kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó yá owó ra ẹ̀rọ kejì.